“Sọ di tuntun” kọ́ o, “dá padà sípò” ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n tó béèrè lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé kí la máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń tún inú ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé ìjelòó ṣe, àwọn Camaro, GTO, Challenger yẹn, ẹ ṣeun gan-an ni, torí látìgbà tí mo ti ka ìdáhùn àwọn tó pè é ní “ìsọdọ̀tun inú ọkọ̀ oníṣan” lọkàn mi ò ti balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lẹ̀ ń sọ yẹn. Mùṣín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ìjókòó mọ́tò, Detroit ni mo ti ń ṣe é báyìí.

Ká kọ́kọ́ mú “oníṣan” kúrò ńlẹ̀. “Muscle car” lòyìnbó ń pe ọkọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé iṣan ni ìwé sáyẹ́ǹsì ń pe “muscle”, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ iṣan fún ìyá mi, iṣan tó ń yọ lọ́rùn ẹni tó ń pariwo ló máa wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ wo bí ọkọ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Pontiac gbé ẹ́ńjìnnì lítà 6.4, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, sínú ọkọ̀ wọn kan, Tempest, tí ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wọ́n wá pè é ní GTO. Ara mọ níwọ̀n, agbára wá pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Èèyàn tó bá rí báyẹn, kí la ń pè é nílé? Abarapá. Ọkọ̀ abarapá, ó parí.

“Ìsọdọ̀tun” ló ń dùn mí jù. Tí mo bá ní mo fẹ́ sọ ilé bàbá mi di tuntun, mo lè yọ fèrèsé onígi kúrò kí n fi aláàlúmíníọ̀mù sí i, kí n lẹ táìsì mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní mi ò ṣe dáadáa. Iṣẹ́ tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gbé Camaro 1969 wá bá wa, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti sọ inú ẹ̀ di tuntun lóòótọ́, awọ pupa fòò, òwú funfun ni wọ́n fi rán an, ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camaro, páànù pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà, ilé iṣẹ́ ló kàn án mọ́bẹ̀, nọ́ńbà ara ẹ̀ ló ń sọ irú aṣọ àti àwọ̀ tí ìjókòó ẹ̀ ní lọ́jọ́ tó jáde. Ti ọkọ̀ yìí sọ pé aṣọ eléyín ajá ni, èyí tóyìnbó ń pè ní “houndstooth”, dúdú òun funfun, lẹ́dà dúdú yí i ká. A gbé ìjókòó ẹ̀yìn dojú dé, mo ń já àwọn òrùka irin ìdí ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe rí i lábẹ́ òrùka kan tó ti dípẹtà, abala aṣọ kan tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, dúdú òun funfun. Mo sọ píláyà sílẹ̀, mo ní kí ọkùnrin yẹn wá wò ó. Ṣé ẹ rí i, ọkọ̀ yẹn ní ipò kan tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ibẹ̀ là ń dá a padà sí. Aṣọ tuntun la rà lóòótọ́, tìmùtìmù tuntun la kì sí i, àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá tuntun tí ò bá ohun tó wà lára páànù yẹn mu, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká máa sọ pé a dá inú ọkọ̀ padà sípò, orúkọ iṣẹ́ náà, ìdápadàsípò.

Ọ̀rọ̀ awọ ńkọ́? Ẹnì kan kọ ọ́ pé “ìjókòó aláwọ” ló wà nínú gbogbo wọn. Rárá o. Ẹran ló ni awọ. Ike tí wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ ló wà lórí ìjókòó èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ abarapá, ìtọ́jú wọn ò sì jọra, torí oòrùn máa ń fa ohun tó ń mú ike yẹn rọ̀ jáde lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá gan, á sì sán. Ní Mùṣín lẹ́dà la ń pè é, kò sì sí ọ̀gá mi kankan tó rò pé ara màlúù ló ti wá. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ lẹ́dà, kí awọ máa jẹ́ awọ.

“Òrùka ẹlẹ́dẹ̀” tí àbúrò kan dábàá fún òrùka irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo mọ ibi tó ti mú un, “hog ring” lòyìnbó ń pè é. Imú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí kó má baà máa fi imú tú ilẹ̀. Àmọ́ kí ló kan ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìjókòó? Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó fa aṣọ mọ́ wáyà tó wà nídìí ìjókòó kó lè le dáadáa, òrùka ìfàmọ́ ni màá pè é. Eléyín ajá ní tiẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan, ẹni tó bá wo aṣọ yẹn á rí eyín níbẹ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ti gbọ́ wọn. “Òrùlé inú” tí wọ́n pe aṣọ tó bo òkè nínú ọkọ̀ ni mi ò fara mọ́, òrùlé ló ń gba òjò, èyí téèyàn ń wò lókè tó bá fẹ̀yìn ti ìjókòó, àjà ni. Àjà ọkọ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró, wọ́n á rán ojú sẹ́yìn aṣọ àjà, a ó wá ki ọ̀pá bọ ojú yẹn bí ẹni ń ki okùn bọ ṣòkòtò, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ kò sì bára mu, tẹ́ ẹ bá fi ti iwájú sẹ́yìn àjà á hunjọ ni, ìyẹn ni mo ṣe máa ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára kí n tó yọ wọ́n.

Ojú tí okùn ṣòkòtò ń gbà yẹn, kí ni àwọn télọ̀ ìlú yín ń pè é? Ẹ bá mi bi àwọn àgbà, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú fún ti àjà ọkọ̀, mi ò fẹ́ ká dá òmíì.