Tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun tàbí láàpútọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà?

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àbúrò mi fẹ́ wọ yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà. Owó tó wà nílẹ̀ ká tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tàbí láàpútọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ tó ní RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8GB àti SSD (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí) 256GB.

Ọ̀rọ̀ iná ló ká mi lára jù. Power bank 20,000 mAh gba nǹkan bíi 74 Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì), apá kan á sì ṣòfò. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 30 Wh lè fi kún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì. Láàpútọ́ọ̀pù 50 Wh, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn bí power bank náà bá ń gbé 45 W tàbí 65 W jáde lójú USB-C, tí láàpútọ́ọ̀pù náà sì ń gba iná níbẹ̀.

Àmọ́ Android Studio, ètò tí wọ́n fi ń ṣe áàpù Android, kì í ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android tàbí iPad, mi ò sì lè fojú fo ìyẹn. Bó bá sì kan emulator rẹ̀ (fóònù àfarawé tí wọ́n fi ń dán áàpù wò lórí kọ̀ǹpútà), RAM 8GB ò tó, 16GB ni wọ́n ń béèrè. Nítorí náà láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n ti jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣeé fi kún, ń bà mí lẹ́rù.

Lórí Windows, mo mọ̀ pé àṣẹ powercfg /batteryreport máa ń fi Design Capacity (ìwọ̀n iná tí wọ́n ṣe bátìrì láti gbà) hàn pẹ̀lú Full Charge Capacity (ìwọ̀n tó ń gbà báyìí tó bá kún). Bí èkejì bá ku ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀yin máa ń kọ ọjà náà sílẹ̀?