Ẹ gbà mí o: ibo ni kí n kó àwọn ọmọ lọ lásìkò Ìtunu? Ọgbà ìṣeré ò tíì gbé àkókò jáde

Ìyá Mùínátù, 10:52 alẹ́
Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Ìlú Ọba, wọn ò sì ní pẹ́ padà. Mo ti ṣèlérí pé mo máa kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gun àwọn ẹ̀rọ tó ń yí, lọ́jọ́ ọdún tàbí ọjọ́ kejì. Mo pe ọgbà kan lónìí, ẹni tó gbé fóònù ní wọn ò tíì gbé àkókò ọdún jáde, kí n padà pè. Òmíràn ò gbé e rárá. Èwo ló dáa? Ṣé kí n sanwó sílẹ̀ ni, àbí kí n dúró? Ọlọ́kọ̀ ń béèrè àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀la ni òun máa gbọ́ èsì.

Bàbá Ìbejì Ẹ̀jìgbò, 11:04 alẹ́
Ìyá Mùínátù, ẹ kú ìtọ́jú àlejò. Ẹ ò sọ iye ọmọ, ẹ ò sọ ọjọ́ orí wọn, ẹ ò sọ ibi tẹ́ ẹ ti ń gbéra. Ẹni tó wà ní Àjà àti ẹni tó wà ní Ìkòròdú, ìmọ̀ràn wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Tó bá jẹ́ apá Lẹ́kí, Dreamworld Africana. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà sókè, ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Hi-Impact Planet, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ògùn nìyẹn.  Ohun kan ṣáá: ẹ wọn àwọn ọmọ nílé. Ìdí àwọn ẹ̀rọ tó le, wọ́n máa ń wọn ọmọ kí wọ́n tó jẹ́ kó gùn ún, èyí tí kò bá ga tó á dúró máa sunkún nígbà tí àwọn yòókù bá wà lókè. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ láti ilé.

Alfa Ìdí Àràbà, 11:19 alẹ́
Àwọn ọgbà yẹn ò jẹ̀bi. Kí ni wọ́n fẹ́ gbé jáde? Ààwẹ̀ lè jẹ́ 29, ó lè jẹ́ 30. Alẹ́ ọjọ́ 29 la ó wo oṣù, tí Súlútánì Ṣókótó bá sì ti kéde, ilẹ̀ mọ́, ọdún dé nìyẹn. Ẹ rántí 2024. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ kéde Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 oṣù kẹrin fún ìsinmi. Oṣù ò yọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú la yídì, ni wọ́n bá tún fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún un. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, oṣù yọ lálẹ́ Àbámẹ́ta, ọdún bọ́ sí Àìkú 30 oṣù kẹta, ìsinmi wá di Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà sanwó nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń rò. Ẹ má bá ọlọ́kọ̀ dá "ọjọ́ báyìí oṣù báyìí." Ẹ sọ fún un pé "ọjọ́ kejì ọdún," kó gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí.

Adùn Ọbẹ̀ Yábàá, 11:26 alẹ́
Ẹ kú ìmúra o. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba oúnjẹ wọlé. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń ní kí ẹ fi kúlà sílẹ̀ ní géètì. Ìrẹsì ọdún máa ń bàjẹ́ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tí oòrùn bá pa á, pàápàá tí ata rẹ̀ bá lómi. Ẹ dín ata náà gbẹ, kẹ́ ẹ kó ẹran sọ́tọ̀.

Ìyá Ẹniọlá, 11:48 alẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ kejì Ìtunu, ọgbà kan ní Èkó yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n àǹtí mi ń ṣọdún, la bá jọ lọ. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa mẹ́ta, àtàwọn ọmọ àǹtí mi méjì. A ti fi tíransífà sanwó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tí wọn ò tíì gbé àkókò jáde, torí wọ́n ní ẹni tó bá tètè san lówó máa dín kù fún. Ó ku ọ̀la kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ pé agogo mẹ́wàá làwọn máa ṣí, kì í ṣe mẹ́jọ tí wọ́n sọ fún wa lórí fóònù. A dé géètì, ó di méjìlá kọjá ká tó wọlé. Èrò wọ̀ tìrítìrí.

Ọkọ mi mú àwọn àgbà lọ tò nídìí wìlì ńlá. Èmi dúró ti àwọn kékeré. Iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, gbogbo àwọn tó tò nídìí ẹ̀rọ ya lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wá ibi tí òjìji wà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí Ẹniọlá, mi ò rí àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún. Aṣọ búlúù ló wọ̀, ìdajì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló sì wọ búlúù. Mo sáré lọ bá ẹ̀ṣọ́ géètì, ó ní kí n lọ wò ó lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi gbohùngbohùn pè é, wọ́n ní ẹni tó ń lò ó ò sí nítòsí. Mo pe ọkọ mi, kò lọ, nẹ́tíwọ̀kì ò gbé èrò yẹn. Ogójì ìṣẹ́jú. Mo ké títí ohùn mi fi há.

Ìyá kan tó ń ta gúgúrú ló rí i. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fún un ní gúgúrú, ó sì kọ̀ kò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èèyàn méjì wá sọ pé àwọn mọ ìyá ọmọ náà, ó ní àfi ẹni tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ pè ní màmá. Ọlọ́run má jẹ́ kó fi ẹkún sin ọmọ tirẹ̀ láéláé. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn gúgúrú, àyà mi máa ń já.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ má lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 11:55 alẹ́
Háà! Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ewu. Ẹ dárúkọ ibẹ̀ ká lè yẹra fún un.

Ìyá Ẹniọlá, 11:58 alẹ́
Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 12:03 òru
Tí wọn ò bá tíì tún un ṣe ńkọ́? Ọmọ ẹlòmíràn ló kù tó máa sọnù?

Bàbá Ìbejì Ẹ̀jìgbò, 12:10 òru
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo bá wọn dáró, ṣùgbọ́n ọjà Balógun lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bákan náà, a ò sì ní torí ẹ̀ pé ká má lọ sọ́jà. Èrò ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọgbà. Ojú òbí ló yẹ kó wà lára ọmọ.

Ìyá Ẹniọlá, 12:12 òru
Ojú mi wà lára wọn. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ méjì ni mo ní.

Adúnní Olùkọ́, 12:31 òru
Bàbá Ìbejì, ẹ tọrọ àforíjì. Mo ti kó ọmọ ilé ìwé jáde lọ síta fún ọdún mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ń gba ọmọ láti pòórá. Ojú nìkan ò tó. Ohun tí àwa máa ń ṣe rèé: àwọ̀ kan náà ni gbogbo ọmọ máa wọ̀, àwọ̀ tí ẹlòmíràn kì í sábà wọ̀. Àgbà kan kò ní bójú tó ju ọmọ mẹ́ta lọ, kí olúkúlùkù mọ àwọn tirẹ̀ lórúkọ. Ẹ ya fọ́tò wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀, torí ẹni tó bá sọ ọmọ nù kì í rántí aṣọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ fi ibì kan hàn wọ́n pé "tó o bá wá wa tì, ibí ni kó o dúró." Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí apá wọn, nọ́ńbà àgbà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Bàbá Ìbejì Ẹ̀jìgbò, 12:40 òru
Ìyá Ẹniọlá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ mi le jù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 5:21 àárọ̀
Ẹ kú sààrì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí mọ́jú. Kí ló dé tó fi di dandan kó jẹ́ ọgbà ẹ̀rọ? Ẹ kó wọn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 lọ sí Màrínà. Kìlómítà 13 ni, Cowry káàdì, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, lẹ máa fi wọlé, orí omi ló gbà kó tó wọ Màrínà, ọ̀sà á sì wà nísàlẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀, Freedom Park ò jìnnà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìgbà amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ kó wọn lọ sí Oníkàn, kí wọ́n wo ilé àṣà Yorùbá John Randle. Àwọn ọmọ tó ti Ìlú Ọba wá, ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n bá lọ.

Ṣadé Akẹ́kọ̀ọ́, 6:02 àárọ̀
Bùrọ̀dá, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ kó wọn lọ sí etíkun Tarkwa Bay, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, 6:09 àárọ̀
Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ́hùn-ún, ṣé ọ̀sà Èkó ni wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀? Omi ọdún ò sì ṣeé fi ṣeré. Bí wọn ò bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní jákẹ́ẹ̀tì tó bá a lára mu, kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ yẹn.

Ìyá Àlàbá Lẹ́kí, 6:44 àárọ̀
Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó àti ẹranko ní Lẹ́kí, ni tèmi. Afárá orí igi yẹn gùn tó mítà 401, àwọn ọ̀bọ sì ń rìn kiri láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé oúnjẹ dání ní gbangba, àwọn ọ̀bọ yẹn á gbà á.

Awakọ̀ Òṣòdì, 7:15 àárọ̀
Mo ti ń wakọ̀ ọdún láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi: ọjọ́ àkọ́kọ́, òwúrọ̀ máa ń dá, torí gbogbo èèyàn wà ní yídì. Ìrọ̀lẹ́ ló ń burú, gbogbo ẹni tó lọ kí ará ló ń padà. Ọjọ́ kejì, láti àárọ̀ ni sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ kúrò nílé lẹ́yìn Sùbúì, ẹ kúrò lọ́gbà kó tó di agogo mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn tí ọdún sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ rántí pé ìsìn ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ní Redemption City, ibùdó ìjọ Redeemed, wà lójú ọ̀nà kan náà. Ní ti àsansílẹ̀, ẹ san ìdajì. Kí ọlọ́kọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé tí oṣù ò bá yọ, owó ò gbé. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, awakọ̀ pọ̀.

Alfa Ìdí Àràbà, 7:20 àárọ̀
Awakọ̀, Ọlọ́hun bù kún ọ. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Adúnní Olùkọ́, 7:58 àárọ̀
Ìyá Mùínátù, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè Bàbá Ìbejì. Ọmọ mélòó? Ọdún mélòó?

Ìyá Mùínátù, 1:37 ọ̀sán
Ẹ má bínú, ọjà Ọ̀yìngbò ni mo wà láti àárọ̀. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ka ohun gbogbo. Ọmọ méje ni. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọdún mẹ́ta, àgbà wọn ti pé mẹ́rìnlá. Ṣómólú la ti ń gbéra. Ìyá ọkọ mi náà fẹ́ bá wa lọ.

Mo ti sanwó fún ọlọ́kọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo san, torí ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, mi ò lè bá a dúnàádúrà. Dreamworld la ń lọ. Àwọn ọmọ ti rí i lórí fóònù, kò sí ohun tí mo sọ fún wọn mọ́ tí wọ́n gbọ́. Ọjọ́ ọdún gan-an ni, lẹ́yìn yídì, torí alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfuurufú wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá padà láì lọ, ọdún mélòó ni wọ́n tún máa lò kí wọ́n tó wá? Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ yìí ò tíì mọ Èkó tẹ́lẹ̀ rí.

Mo tún pe ọgbà náà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kéde oṣù làwọn máa gbé àkókò sójú ìwé wọn. Màá dúró.

Ìyá Ẹniọlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka tiyín. Mo ti ra fìlà méje ní Ọ̀yìngbò, àwọ̀ òféèfèé tó pọ́n bí ọsàn. Èmi, ọkọ mi, àti àbúrò ọkọ mi, a ti pín wọn mọ́ ara wa. Màmá á jókòó síbì kan, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa padà sí.

Awakọ̀ Òṣòdì, 2:02 ọ̀sán
Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ yẹn kó ra epo sílẹ̀ ní alẹ́ ọdún. Kó má dúró di àárọ̀.

Ìyá Ẹniọlá, 2:30 ọ̀sán
Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ sí apá wọn, ẹ má fi bírò kọ ọ́. Òógùn máa ń pa á rẹ́ kó tó di ọ̀sán. Máákà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì kọ òmíràn sínú fìlà.