Ìtọ̀ ọmọ àbúrò mi ń kán, kò fọ́n

Ọmọ Ìjẹ̀dé, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ta ló ṣì jí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti Ìkòròdú. Ọmọkùnrin tí ìyàwó àbúrò mi bí pé ọjọ́ 19 lónìí. Ìtọ̀ rẹ̀ kì í fọ́n, tó, tó, tó ló ń kán sórí aṣọ. Abẹ́ ìdodo rẹ̀ le bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Dókítà ní posterior urethral valves ni, awọ kan tó dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ nínú; iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ṣé kí n gbé e wá síbí ni, àbí kí n fowó ránṣẹ́? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá Kẹ́hìndé, Manchester: Àǹtí, ẹ fi físà sílẹ̀ ná. Ẹ pè wọ́n padà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ki rọ́bà bọ ojú ìtọ̀ ọmọ. Rọ́bà ló ṣáájú ọ̀bẹ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fún ìkókó lóúnjẹ, nọ́ńbà 5 tàbí 6, ni wọ́n fi sí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìtọ̀ tí kò bá rọ́nà jáde, kíndìnrín ló ń padà sí.

Ará Ẹ̀pẹ́, Houston: Físà ló pa wá lára. Lẹ́tà dókítà, ìwé báńkì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká tó gbọ́ èsì, creatinine ọmọ, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ jáde, ti lọ sókè. Ilé náà ni wọ́n padà ti ṣe é.

Ìyá Kẹ́hìndé: Níbí ńkọ́? Àlejò tó bá wá gbàtọ́jú, ìdá 150 nínú 100 iye iṣẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń gbà.

Bàbá Àdúnní, Peckham: Ìdábẹ́ ni tèmi. Mo rò pé awọ iwájú ló dí i, mo ní kí wọ́n tètè dá a. Wọ́n dá a tán, ìtọ̀ ṣì ń kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lásán.

Ará Ẹ̀pẹ́: Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní ká dábẹ́ fún tiwa o!

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì, Birmingham: Ìdábẹ́ ń dín àkóràn ìtọ̀ kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ tó dí ọ̀nà wà nínú lọ́hùn-ún, láti inú oyún. Abẹ́ dídá kò dé ibẹ̀.

Bàbá Àdúnní: Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n gbowó, wọ́n dá a.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dá a, bọ̀dá.

Bàbá Àdúnní: Èmi ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì: Àǹtí Leeds, bí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó lè pọ̀ gan-an. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa fi omi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán MCUG tó ń fi ọ̀nà ìtọ̀ hàn, wọ́n á fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gé awọ náà. Bí kámẹ́rà tó kéré tó kò bá sí, wọ́n lè dá ojú kan sí abẹ́ ìdodo kí ìtọ̀ máa gba ibẹ̀ jáde. Wọ́n á dí i padà tó bá yá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Bó bá sì ń tọ̀ dáadáa, kí wọ́n má fi kílíníìkì sílẹ̀. Kíndìnrín àwọn míì ń daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 ńkọ́? Wọ́n á há síbẹ̀.

Ará Ẹ̀pẹ́: Kí wọ́n jáde ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí.

Bàbá Àdúnní: Ará Houston ń kọ́ni ní ọ̀nà! Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ wákàtí kan torí ata. Ní Peckham, ẹsẹ̀ la fi ń lọ ra ẹ̀fọ́.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹja yín dà? Ẹ tíì rí ẹja tó ṣì ń fò sókè bíi ti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́?

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹja kọ́, ìkọ́kọrẹ́ ni. Ewùrà inú fíríìsà kì í dì mọ́ra. Ìyá mi á rin ín láàárọ̀ Sátidé, ooru rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá ní Ìgbógbó.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Wọ́n ti ki rọ́bà náà. Abọ́ kún, wọ́n dà á nù, ó tún kún. Wọ́n fi plásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan rẹ̀, ó ti sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ bóyá kámẹ́rà kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà báyìí?

Ìyá Kẹ́hìndé: N kò mọ̀, àǹtí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá pe ẹ̀gbọ́n mi.