Ìbò ìdènà ni, kì í ṣe àṣẹ: lórí ohun tí a ó máa pe «véto»

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará wa. Véto ni agbára tí orílẹ̀-èdè 5 ní láti fi ìbò tiwọn nìkan dá ìpinnu dúró ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò. Bàbá wa ará Ṣábẹ ní kí a máa pè é ní "àṣẹ ìfagilé". Àbúrò wa ní Àjàṣẹ́ ní "èèwọ̀" ló bá a mu, torí pé "mo kà á léèwọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn. Bàbá, ẹ má bínú sí mi: mi ò fara mọ́ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gan-an ni kò jẹ́ kí n gbà.

Ọmọ ìgbìmọ̀ náà jẹ́ 15. Àwọn 5 kì í kúrò níbẹ̀: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti Bìrìtéènì. Wọ́n ń yan àwọn 10 yòókù fún ọdún méjì-méjì. Benin tiwa náà jókòó níbẹ̀ ní 1976 sí 1977, ó sì tún jókòó ní 2004 sí 2005. Kí ìpinnu tó lè dúró, ó gbọ́dọ̀ rí ìbò bẹ́ẹ̀ni 9, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn 5 má sì dìbò bẹ́ẹ̀kọ́. Ní 25 oṣù kejì 2022, orílẹ̀-èdè 11 fọwọ́ sí ìpinnu lórí ogun Ukraine, 3 ò gbà, wọn ò kọ̀, Rọ́ṣíà nìkan ló dìbò bẹ́ẹ̀kọ́. Ìpinnu ṣubú.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó ti wà là ń fagi lé, ìpinnu yìí kò tíì wà rárá. Àṣẹ sì ni ohun tí a pa tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 5 tó lè dá mú nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Dandan ni kó rí ẹni 8 mìíràn bá a gbé e. Kódà agbára ìdádúró wọn ò dé ibi gbogbo. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ètò ìjókòó, bí i kí a jíròrò nǹkan tàbí kí a má jíròrò rẹ̀, ìbò 9 ti tó. Ní 31 oṣù kìíní 2022, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà dìbò bẹ́ẹ̀kọ́ sí ìjókòó lórí ọ̀rọ̀ Ukraine. Ẹni 10 dìbò bẹ́ẹ̀ni, ìjókòó sì wáyé lójú wọn. Ẹni tó bá tú ìyẹn sí "wọ́n pa àṣẹ ìfagilé" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Èèwọ̀ ńkọ́? Èèwọ̀ de gbogbo ará ilé, kì í sì í tán lọ́la. Ìwé tí wọ́n dènà lónìí lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú gbólóhùn mìíràn. Wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àpéjọ Gbogbogbòò, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ náà ti ń dìbò, bí wọ́n ti ṣe ní 2 oṣù kẹta 2022: 141 gbà, 5 kọ̀, 35 ò gbà, wọn ò kọ̀. Ìpinnu Àpéjọ yẹn kò de ẹnikẹ́ni bí ti Ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ta ni í gba ẹ̀yìnkùlé mú èèwọ̀ jáde sí ìta gbangba?

"Ìbò ìdènà" ni mo dá lábàá. Ọmọ Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀: Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú wa, ṣì wà lójú wa. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu odi kì í ṣe Alákétu, kò lè ṣòfin fún ìlú. Ṣùgbọ́n bó bá ti ilẹ̀kùn, ẹrù kò wọlé. Ohun tí véto ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì rọrùn: "Rọ́ṣíà fi ìbò dènà ìpinnu náà."

Ìbò kẹta ló tún le. Nínú ìbò Ifá, méjì péré ló wà: owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ni, egungun ni bẹ́ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń kọ "àìdìbò" fún ẹni tí kò gbà tí kò sì kọ̀. Kò tọ́. Ní 1950, Sófíẹ̀tì kò wá sí ìjókòó, ìpinnu lórí Kòríà sì kọjá láìsí wọn, àìdìbò nìyẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó na ọwọ́ ìkẹta ti ṣe nǹkan mìíràn. "Ìbò kò-gbà-kò-kọ̀" ni kí a pè é, ó gùn, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwa tí à ń ka ìwé àdéhùn Àjọ náà ní Faransé ní láti ṣọ́ra níbí. Abala 27 ní Faransé sọ pé ìbò "tous" àwọn 5 gbọ́dọ̀ wà nínú 9 yẹn. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò sọ "gbogbo". Bí a bá tú ti Faransé ní tààrà, ìbò kò-gbà-kò-kọ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn yóò di ìdènà. Kì í rí bẹ́ẹ̀ níṣe, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1971 nínú ọ̀rọ̀ Namibia.

Ẹ jẹ́ kí a yé pe àwọn 5 náà ní "àwọn alágbára ayé" bí ẹni pé oyè wọn nìyẹn. Agbára ń ṣí kiri. Íńdíà ní èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan, kò ní àga títí níbẹ̀. Abala 23 ṣì ń dárúkọ Sófíẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé Rọ́ṣíà ló ti jókòó síbẹ̀ láti 1991. Àga Ṣáínà bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Taipei sí ti Beijing ní 1971. Àga ló dúró, ẹni tó jókòó yí padà. "Onípò títí" tó fún mi.

Ibì kan kù tí ọ̀rọ̀ mi kò kájú rẹ̀. Áfíríkà ti ń béèrè àga títí méjì pẹ̀lú véto láti 2005. Kí a tó lè yí ìwé àdéhùn padà bẹ́ẹ̀, Abala 108 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ náà gbà, ìyẹn 129 nínú 193, kí àwọn 5 sì fọwọ́ sí i nílé wọn. Ní 1963, Faransé àti Sófíẹ̀tì dìbò bẹ́ẹ̀kọ́ ní Àpéjọ sí fífi ọmọ ìgbìmọ̀ kún láti 11 sí 15. Kì í ṣe ìbò ìdènà, torí Àpéjọ ni. Nígbà tó fi di 1965 àwọn náà ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ìdènà ni ì bá jẹ́, láìsí ìbò kankan nínú rẹ̀. Níbẹ̀, "ìdènà" lásán ni n ó kọ. Bàbá, bí Ṣábẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ fún kí èèyàn fi àìfọwọ́sí dá nǹkan dúró, ẹ bá wa mú un wá.