Òtútù ń mú un, àmọ́ ara rẹ̀ ò tutù

Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe àìsàn tí ooru ara èèyàn fi ń wálẹ̀ jù ní "òtútù ara". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lè gbà á.

Lóru ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ ọdún 3 wá, ó ti fi kúbùsù wé e dé ọrùn. "Nọ́ọ̀sì, ara ọmọ mi tutù, ó ń gbọ̀n." Mo di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó tutù lóòótọ́. Mo ki tẹmómítà bọ abíyá rẹ̀: 39.4°C. Àìsàn ti sọ fún ọpọlọ pé 37 ò tó mọ́, ni ara bá ń koná: iṣan ń gbọ̀n kí ooru lè jáde, ẹ̀jẹ̀ ń sá kúrò lábẹ́ awọ kí ooru má bàa ṣòfò. Bí ooru ara bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òógùn á bo ọmọ náà, á wá ní ooru ń mú òun.

Ẹ ò rí i pé èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀? Òtútù tàbí ooru ló ń mú èèyàn, ẹni tó ń mú ló mọ̀ ọ́n. Ara ló ń gbóná tàbí tutù, ìyẹn ni tẹmómítà ń wò. Ẹ jẹ́ ká pe àìsàn tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ní "ìlọsílẹ̀ ooru ara". Ọmọ tuntun tí tirẹ̀ kò tó 36.5 ti wà níbẹ̀, kò sì ní gbọ̀n kẹ́ ẹ tó mọ̀.

"Ibà" náà ń dà mí láàmú. Ẹ sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ibà lè mú ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà tí ẹ̀fọn ń fà ló máa rà. "Ara rẹ̀ lè gbóná" ni mo máa ń sọ.

Ní ti "àmì ẹ̀mí" tí wọ́n fi ń pe "vital signs" (ooru ara, èémí, bí ọkàn ṣe ń lù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), ẹ sọ ọ́ fún ìyá Aládùúrà kan, á ti ké halelúyà kẹ́ ẹ tó fa ìfúnpá, ohun tá a ń wé mọ́ apá láti fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru, yọ. (Ẹni tó fi orúkọ oògùn tí àwọn bàbá wa ń so mọ́ apá pe ìyẹn káre, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.)

"Ìṣàkóso ooru ara" ń rùn bí ọ́fíìsì ìjọba. "Koná" tẹ́ mi lọ́rùn fún apá kan rẹ̀. Ní ti apá kejì, tí ara ń dín ooru kù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kí èèyàn fa igi sẹ́yìn lábẹ́ ìkòkò, kí ọbẹ̀ má bàa hó dànù, ni mi ò tíì rí. Ẹ̀yin ará Èkìtì, kí lẹ ń pè é nílé yín?