Jẹ́n mi kì í ṣiṣẹ́ àfi tí mo bá fa ṣóòkì, ṣé káburétọ̀ tuntun ni kí n lọ rà?

TélóÒṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Jẹ́n 2.5KVA ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ń fa okùn rẹ̀, aṣọ Iléyá sì ti kún ilẹ̀ báyìí. Mo lọ tọ́jú ìyá mi nílé fún oṣù méjì, nígbà tí mo dé tí mo fà á, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kó tó dáhùn. Ó ń dáhùn o, àmọ́ tí mo bá ti ti ṣóòkì padà báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, á lọ sókè á wálẹ̀, kò pẹ́ ó ti kú. Tí mo bá fi ṣóòkì sílẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n èéfín dúdú ni, tí mo bá sì ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ ó parí nìyẹn. Mẹkáníìkì tí mo pè ò tú nǹkan kan, ó kàn wò ó ló ní kí n lọ ra káburétọ̀ tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Òjò ò jẹ́ kí n gbé e síta, pásééjì ló wà.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja:
Àǹtí, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ epo inú táǹkì ẹ, bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn.

Bàbá_Oníjẹ́n:
Háà, ẹ má dán an wò o! I better pass my neighbour kékeré yẹn ló ń mu ọ́ìlì mọ́ epo, torí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé. 2.5KVA ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀, bíi 0.6 lítà ló ń gbà, ẹ dà á mọ́ epo kí plọ́ọ̀gì bà jẹ́ ni.

Àǹtí Téló, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Oṣù méjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Epo tó bá jókòó pẹ́ sínú káburétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fẹ́ lọ, á wá ku èyí tó ń lẹ̀ bí oje igi, òun ló dí ihò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nǹkan kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá. Tí ẹ bá fa ṣóòkì, atẹ́gùn dín kù, ẹ́ńjìnnì á fi tipá fa epo, ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá tì í padà, atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ, ebi ń pa á nìyẹn.

Kó kọ́kọ́ tutù, kí iná kankan má sí nítòsí. Ẹ pa táàpù epo, ẹ gbé ike sábẹ́, ẹ fi sípánà 10 tú bóòtù tó wà nídìí abọ́ káburétọ̀. Ẹ wo epo tó bá jáde dáadáa, tí nǹkan bá ń yí kiri nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ò pò mọ́ epo, omi ni. Jẹ́ẹ̀tì ńlá wà láàárín, jẹ́ẹ̀tì kékeré wà lókè lábẹ́ sukúrúù tí wọ́n fi ń ṣètò eré ẹ́ńjìnnì, ti kékeré yìí ló sábà máa ń jẹ́ kó lọ sókè sódò. Ẹ bó wáyà iná, ẹ fa ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ẹ fi gún ihò náà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o, mo mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ téló, ihò á fẹ̀, jẹ́n á sì máa mu epo bí omi. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ bá fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run kẹ́ ẹ di ojú kan, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ roboto.

Màmá_Tóyìn:
Kò sẹ́ni tó rí pásééjì tí Àǹtí sọ ni? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e síta lónìí. Èéfín jẹ́n ní gáàsì kan tí ò lóòórùn, tí ojú ò rí, oorun lásán ló máa dà bíi pé ó ń kun èèyàn, kò sì ní jí mọ́. Fèrèsé ṣíṣí ò tó o.

TélóÒṣogbo:
Ọlọ́run á bù kún yín. Ọmọ mi ọkùnrin ló tú u. Omi ò sí ńbẹ̀, àmọ́ ìdí abọ́ yẹn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oje kaṣú, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ni lóòótọ́! A gbé e sójú ọ̀run, òkùnkùn biribiri. Fọkanáísà fẹ́ ẹ, a tò ó padà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fà á tó dáhùn, áyọ́ọ̀nù ń gbóná bí mo ṣe ń kọ èyí. Jẹ́n ti wà lẹ́yìn fẹ́ńsì lábẹ́ páànù, Màmá Tóyìn ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀rù bà mí. Plọ́ọ̀gì dúdú bí èédú ṣá, ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Bàbá_Oníjẹ́n:
Tó bá dúdú tó gbẹ, ṣóòkì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló fà á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, kí àlàfo ẹnu ẹ̀ wà láàárín 0.7 sí 0.8mm. Tó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ pè mí. Ẹ yí ọ́ìlì ní gbogbo wákàtí 100, tẹ́ ẹ bá sì tún ń rìnrìn àjò, ẹ pa táàpù epo kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀.