Eku tí wọ́n gé ìdí rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀: kí ló pa sẹ́ẹ̀lì B?

Àbẹ̀kẹ́ Ifẹ̀:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kàwé. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì wa, ibì kan ò sì jẹ́ kí n sùn láti àná. Lọ́dún 1991, Kitamura, Rajewsky àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Köln, Jámánì, ba ibi tín-ín-rín kan jẹ́ nínú jíìnì eku, ibi tó ń so àńtíbọ́dì IgM mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kó lè jẹ́ rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ láti ìta. Ìyókù wà digbí. Síbẹ̀, eku náà ò ní sẹ́ẹ̀lì B tó gbó, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àńtíbọ́dì. Ṣebí kòkòrò àrùn ni àńtíbọ́dì ń bá jà? Kòkòrò wo ni sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà nínú mùdùnmúdùn eegun rí, tí àìní rìsẹ́pítọ̀ fi pa á?

Ọmọ Obòkun:
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Iléṣà ni mo wà, láàbù ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi. Bí àǹtí bá ran ara bùláòsì tán, wọn kì í tíì gé apá rẹ̀. Apá bùláòsì àtijọ́ kan wà tó máa ń kọ́ sára ìṣó. Wọ́n á fi píìnì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á ní kí aláṣọ gbé e wọ̀, wọ́n á wo èjìká. Bí èjìká bá jókòó, ìgbà yẹn ni wọ́n á mú àlùmọ́gàjí gé apá gidi.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì B ń ṣe gan-an nìyẹn. Oríṣi ẹ̀wọ̀n purotéènì méjì ló ń para pọ̀ di àńtíbọ́dì, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Ẹ̀wọ̀n tó wúwo ló kọ́kọ́ ń ṣe, ègé jíìnì ló ń tò pọ̀ láti ṣe é, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìsopọ̀ náà ni kì í sì bọ́ sójú ìlà, tí kò sì ní ṣe ẹ̀wọ̀n tó ṣeé lò. Ó di dandan kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tíì ní ẹ̀wọ̀n tó fúyẹ́, ló bá yá apá lò: purotéènì méjì tí wọ́n ń pè ní lambda5 àti VpreB. Òun pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó wúwo ló di pre-BCR, rìsẹ́pítọ̀ ìdánwò tó ṣáájú èyí tó pé. Bó bá ti lè dúró lára sẹ́ẹ̀lì báyìí, Igα àti Igβ, purotéènì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ránṣẹ́ wọlé pé ó dára, máa pín, lọ ṣe ẹ̀wọ̀n tó fúyẹ́. Kò dúró de kòkòrò kankan. Ohun tó ń mú ẹ̀wọ̀n tó wúwo dúró lára sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ará Köln yọ. Iṣẹ́ ò wọlé, sẹ́ẹ̀lì ò lè tẹ̀síwájú.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti 1997. Lam, Kühn àti Rajewsky yọ rìsẹ́pítọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì B tó ti gbó tán, tó ti ń rìn kiri nínú eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kú. Ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ rìsẹ́pítọ̀ náà títí dópin.

Aládìẹ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti adìẹ kún un. Bí ẹ bá pa òròmọdìẹ tó ti tóbi díẹ̀, ẹ la òkè ihò ìdí rẹ̀: ẹ ó rí àpò kékeré roboto kan tó funfun. Bursa ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà B ti wá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Glick, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1956 pé adìẹ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ ní kékeré kì í lè ṣe àńtíbọ́dì bó ṣe yẹ. Eku ò ní àpò yìí, mùdùnmúdùn ni tiwọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ifẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ apá yíyá yẹn là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin Ọmọ Obòkun, ṣé pé bí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ eku bẹ́ẹ̀ wò, mi ò ní bá àńtíbọ́dì kankan?

Ọmọ Obòkun:
Rọra o, àbúrò. Bí ìyá rẹ̀ bá ní jíìnì kan tó pé, àńtíbọ́dì ìyá á wà lẹ́jẹ̀ ọmọ. Inú wàrà ló ń gbà kọjá jù, rìsẹ́pítọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní FcRn ló sì ń gbé e wọlé láti inú ìfun ọmọ eku tí wọn ò tíì gbà lẹ́nu ọmú. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì B ọmọ ló ṣe é. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí eku náà àti irú ìyá tó bí i.